Àga Méjì Nínú Yàrá Ìtọ́jú

Ẹsẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ni obìnrin kan kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà wà lábẹ́ àga onítìmùtìmù nínú yàrá tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ọkàn, ó ń bá ìṣó kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bẹ ọmọ kó jẹun. Ẹ̀rín pa obìnrin náà. Ọkùnrin náà yọrí síta, eruku pákó kún irùngbọ̀n rẹ̀, ojú sì tì í.

Nígbà tó ṣe tán, ó gbé àga méjèèjì tó wà nínú yàrá náà kọjú síra, ó rò pé ó wuyì bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà tún wọn gbé, ó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Ó ní kò yẹ kó di dandan fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ láti wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kó lè wo fèrèsé, kó sì rí ilẹ̀kùn.

"Ta ló kọ́ yín níyẹn, ma?"

"Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí ni."

Obìnrin náà kì í fi àìsàn tó ṣe é rí pa mọ́. Nígbà tó ń ṣe tíṣà, ìbànújẹ́ tí kò mọ orísun rẹ̀ gbé e mì; kò lè wẹ̀, kò lè jẹun, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ olùtọ́jú ọkàn ló fi sùúrù fà á jáde. Bí ara rẹ̀ ṣe yá, ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ìyá àgbà yẹn ló sì wá di ọ̀gá rẹ̀ nílé ìtọ́jú yìí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kò sá. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò rí àga tó bàjẹ́ nílé ìtọ́jú náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi bi í bóyá ikán ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Obìnrin náà sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ìṣó, òun náà ń pè é ní Onísùúrù mi, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára ṣinṣin.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ rí ìyá gbẹ́nàgbẹ́nà, tó jẹ́ aránṣọ, ọkùnrin náà bẹ obìnrin náà pé kó má mẹ́nu ba àìsàn náà.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a," obìnrin náà dáhùn. "Tí mo bá fi pa mọ́, ojú wo ni màá fi sọ fún ẹlòmíì lọ́la pé àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?"

Ìyá bi obìnrin náà bó ṣe dé ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n obìnrin náà sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá ní òun kò kórìíra rẹ̀, àmọ́ òun kò fẹ́ wèrè nínú ilé òun. Gbẹ́nàgbẹ́nà dorí kodò, kò sọ nǹkan kan, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sì dun obìnrin náà ju ọ̀rọ̀ ìyá lọ. Ó dá lọ sílé, ó sunkún. Àga kò bàjẹ́ mọ́ nílé ìtọ́jú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá aránṣọ náà dá wá. Ó ní ọmọ òun ti la ojú òun pé irú àìsàn yẹn ń ṣe òun náà: láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun kò tíì rán aṣọ kan parí. Ó fẹ́ kí obìnrin yìí tọ́jú òun.

"Kò ṣeé ṣe, Màámi. Ẹni tó fẹ́ di ọmọ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ olùtọ́jú yín."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ìyá wò ó títí.

"Ṣé o ṣì fẹ́ di ọmọ mi?"

Obìnrin náà di ọwọ́ ìyá mú, ó mú un lọ sí yàrá ọ̀gá, kí ọ̀gá lè tọ́jú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà gbé àga tuntun méjì dé yàrá obìnrin náà. Ó yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ṣe kọ́ ọ, ó fi í jókòó síbi tó ti lè rí ilẹ̀kùn, òun náà sì jókòó.

"Mo dákẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀," ó ní, ojú rẹ̀ wà lára fèrèsé. "Bí o bá fẹ́ lọ, mi ò ní dínà. Àmọ́ mo fẹ́ fẹ́ ọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tójú rẹ ti rí."

Obìnrin náà dìde. Ó di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú, ó yí i títí tó fi kọjú sí ọkùnrin náà, ó sì jókòó padà.

"Ó yá, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣó," ó ní. "Wò mí lójú, kí o tún un sọ."