Ford Ò Gbọdọ̀ Dúró Níwájú Ilé Wa

Lọ́jọ́ tí Wendell Tackett kọ́kọ́ wá wo ọkọ̀ wa, ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ó kó méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó wọ ààfin ọba, kò fi ìka kan kan ọkọ̀ náà títí ọmọ mi Renata, tó ń fọ táyà lọ́wọ́, fi gbójú sókè.

"Ẹ lè fọwọ́ kàn án," ni Renata wí. "Kì í gé èèyàn jẹ."

"Ta ló ni ín?"

"Bàbá mi ni. Òun náà kì í gé èèyàn jẹ, àfi láàárọ̀ kó tó mu kọfí."

Wendell rẹ́rìn-ín. Èmi wà lójú fèrèsé ilé ìdáná, mò ń di pierogi, ìyẹ̀fun tí a fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀, mo sì rí bí ọmọ mi ṣe sáré nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò bìkítà mọ́ bóyá ọṣẹ wà lójú òun tàbí kò sí. Mo sọ fún ara mi pé, áà, Bernice, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ o.

Pontiac GTO ọdún 1967 ni ọkọ̀ náà, aláwọ̀ ewé, irú tó ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá bú ramúramù, gbogbo ajá àdúgbò ló ń dìde. Ọkọ mi, Caz Wrobel, wà lára àwọn tó tò ó nílé iṣẹ́. Fífi ilẹ̀kùn sí ọkọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ló gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ní báyìí, orúnkún Caz ti daṣẹ́ sílẹ̀, títẹ kílọ́ọ̀ṣì ti di ìyà. Ló bá kọ "Fún Títà" sára páálí, ó fi sójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá rà á tí Caz kò rí àlébù lára onítọ̀hún. Èyí sọ̀rọ̀ jù, tọ̀hún rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ.

Wendell nìkan ló ń padà wá. Sátidé dé, ó dé. Kò dárúkọ owó, kò béèrè owó. Nígbà tó yá, òun àti Caz ti jọ ń jókòó sínú gáréèjì, wọ́n ń mu bíà, wọ́n ń tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

"Ọmọ yẹn lórí pípé," ni Caz sọ fún mi. "Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Renata ni sùúrù kọ́kọ́ tán nínú rẹ̀. "Wendell, ṣé o fẹ́ ra ọkọ̀ yìí ni àbí o ò fẹ́?"

"Olólùfẹ́ mi, tí mo bá rà á, kí ni màá tún máa wá wò níbí?"

"O lè máa wá wò mí."

"Ìwọ ni mo ń wò látọjọ́ yìí."

Inú mi dùn débi pé omi tí mo gbé kaná hó dànù lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Wendell kì í gbé ọkọ̀ wá. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, á ní òun fẹ́ràn ìrìn.

Òjò ló tú àṣírí. Caz ká òrùlé Pontiac sẹ́yìn kí àga lè gba atẹ́gùn, èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí Máàsì ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́kọ́rọ́ tí Renata ì bá fi ti òrùlé wà lápò rẹ̀. Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Renata pe Wendell, Wendell sì kó tapólì sẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó sáré wà á wọ ọgbà wa láìronú ibi tó yẹ kó dúró sí. Nígbà tá a fi padà dé, Pontiac wà lábẹ́ tapólì, ó gbẹ táútáú. Àwọn méjèèjì tutù bí adìyẹ òjò pa. Lẹ́yìn wọn ni pikọ́ọ̀pù kan dúró sí, wọ́n kọ FORD gàdàgbà sí ìdí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé nílùú wa, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Pontiac àti ti Ford ti ń bára wọn ṣọ̀tá, lè pè é ní eré. Àbúrò Caz ra Ford lẹ́ẹ̀kan. A ò pè é wá jẹun Kérésìmesì títí ó fi tà á.

"Ta ló ni ìyẹn?" ni Caz béèrè.

"Èmi ni, sà. Bàbá mi àti bàbá rẹ̀, Ford ni wọ́n ṣiṣẹ́ fún títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Èmi náà wà níbẹ̀."

"O jókòó sí gáréèjì mi! O mu bíà mi!"

"Tata, ẹ wo ọkọ̀ yín," ni Renata kígbe, bó ṣe ń pe bàbá rẹ̀ láti kékeré. "Òun ló gbà á lọ́wọ́ òjò!"

"Òjò ì bá kúkú pa á! Wendell, gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú ilé mi. Mi ò bá ará Ford ṣe àna."

"Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ àna," ni mo wí.

"Èmi ń dárúkọ rẹ̀," ni Renata wí. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, Tata. Tí mo bá fẹ́ ẹ, ṣé ẹ máa wá?"

Caz yíjú sí Pontiac rẹ̀. Wendell ló fọwọ́ nu ojú ọmọ mi. "Àyànfẹ́, mi ò ní fẹ́ ọ láìjẹ́ pé bàbá rẹ gbà. Màá dúró dè é." Ó wọ pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó lọ. Renata wọ yàrá, mo sì gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ilé ìdáná.

Lóṣù Ògọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ máa ń tò lọ lórí títì Woodward, Caz ní òun á gbé Pontiac jáde lẹ́ẹ̀kan sí i kóun tó tà á. Tìbínú-tìbínú ló fi ń rìn nínú ilé látọjọ́ yẹn. Mo wọ ọkọ̀ náà, mo jókòó tì í. Àwọn èèyàn to àga sẹ́bàá títì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Àfi bí ọkọ̀ ṣe húkọ́, tó dákẹ́ láàárín títì. Inú bíbí ò jẹ́ kí ọkọ mi rántí ra epo.

"Ẹ wá Ford kan kó wá fà yín o!" ni ẹnì kan pariwo, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Etí Caz pọ́n bí ata. Ó ní òun á kú síbẹ̀ ná.

Mo yí ojú sẹ́yìn, mo fi fóònù pe Renata nílé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Wendell tó yọ láàárín èrò, ó fẹsẹ̀ rìn, kéègì epo lọ́wọ́, òógùn bò ó. Caz ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Pikọ́ọ̀pù rẹ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Luther, sà. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí."

"Gbogbo Sátidé yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí àwọn ará àdúgbò má baà rí Ford níwájú ilé yín."

"O ní o fẹ́ràn ìrìn."

"Mo kórìíra ìrìn, sà."

Caz rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di omijé. Ó fa páálí kúrò lójú gíláàsì. "Mi ò ní ta ọkọ̀ yìí fún ará Ford láé," ló wí. Ó wá na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ṣùgbọ́n àna mi ò ní í fowó ra ohun tó jẹ́ tiẹ̀. Wá wà wá lọ sílé. Orúnkún ń dùn mí."

Síbẹ̀, ó ṣòfin. Ford lè wọlé o, ṣùgbọ́n ìdí ni kó fi wọlé, kí orúkọ yẹn má kọjú sí títì. Wendell gbà, ó sì pa òfin náà mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, a ti fi òdòdó sára Pontiac tó máa gbé ìyàwó. Mo wá Caz, mi ò rí i. Ìta ni mo bá a, pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó lọ́rùn rẹ̀. Ó ti yí pikọ́ọ̀pù Wendell padà, FORD kọjú sí títì gbangba, ó sì fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó ń nù ún.

"Caz! Kí lò ń ṣe?"

"Àlejò ń bọ̀," ló wí, kò wojú mi. "Bá mi mú àkísà mìíràn wá, Bernice. Lẹ́tà F yìí ò tíì dán."