Aṣáà Àríkẹ́ Tó Bu Nínú Ìkòkò

Lówùúrọ̀ àsìkò òjò, kùrukùru a máa bo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ bíi pé ẹnì kan ta aṣọ funfun bò wọ́n lórí. Èèyàn á wo ọ̀kánkán títí, òjìji òkè nìkan ni yóò rí. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Kamarou fẹ́ràn jù. Á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, á ṣí ìkòkò aṣáà rẹ̀, á bu díẹ̀ sórí èékánná, á fà á símú, á sì di ojú.

Tó bá ti dijú báyìí, Àríkẹ́ á dé.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Ṣùgbọ́n bí òórùn aṣáà yẹn bá ti ta sí i lágbárí, á rí obìnrin náà nídìí ọlọ, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń lọ ewé tábà gbígbẹ pọ̀ mọ́ káún, tó ń wọ́n omi sí i títí yóò fi rọ̀. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú àlá ojúmọmọ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni Kamarou máa ń wò, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọlọ.

Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹlòmíì kò lọ aṣáà fún un rí. Nígbà tí àìsàn sì fẹ́ dá Àríkẹ́ dùbúlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọlọ wá bá òun. Ó lọ aṣáà kún ìkòkò amọ̀ kan, ó dé e.

Ó ní, "Bàbá Zénabou, èyí á gbé yín dìgbà tí igi kájú bá tún tanná."

Nítorí náà ni Kamarou kò ṣe fẹ́ kó tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú. Bí ojú aṣáà náà bá gbẹ, á fi ọwọ́ tẹ omi nínú ife tó fi ń mumi, á wọ́n ọn sí i, kó lè rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án ló mú kó gbé ìkòkò náà sígun yàrá, lápá orí ẹní rẹ̀. Igun ọ̀hún sì ni páànù ti ń jò.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, ó ṣí i, ohun funfun kan ti hù bo ojú aṣáà náà bí òwú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe àwọ̀ ewé. Kò rùn bíi tábà mọ́. Ó ń rùn bí ilẹ̀ abẹ́ ewé tó ti jẹrà.

Kamarou jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló mú ṣíbí, ó ha èyí tó funfun kúrò, ó da ìyókù sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sá a sóòrùn.

Zénabou, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ládùúgbò, ló wọlé bá a.

"Bàbá, kí lẹ sá síbí?"

"Aṣáà ni. Òjò ló bá a."

Zénabou bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín. "Ó ti bu, Bàbá! Ẹ jẹ́ kí n lọ dà á nù."

"Da kí ni nù?" Ohùn bàbá náà yí padà. "Ọwọ́ ìyá rẹ ló wà nínú ẹ̀. Oòrùn á pa ohun tó bá wà níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí òjò bá pa, ṣé a kì í tún un sá ni?"

Zénabou rí ojú bàbá rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Régis yà kí i. Ọ̀rẹ́ Kamarou ni láti kékeré, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, tí àyà máa ń dùn bí otútù bá mú.

"Kamarou, fún mi nínú ti Àríkẹ́ díẹ̀."

Ta ló ń fi aṣáà du ọ̀rẹ́? Kamarou gbé àwo náà sáàárín. Àwọn méjèèjì fà á símú, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, tó ń pọ́n lára àwọn àpáta. Kamarou dijú. Àríkẹ́ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí i. Kamarou kò rí ojú rẹ̀. Ó tún bu òmíì, ó fà á, kó lè baà yíjú padà. Imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

Ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ Kamarou, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán nímú rẹ̀. Kò tíì nù ún tán tí ìyàwó Régis fi sáré dé.

"Bàbá Zénabou, ẹ gbà mí o! Ọ̀rẹ́ yín ò lè mí dáadáa!"

Wọ́n bá Régis níjòókòó lórí ẹní, ó fọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, àyà rẹ̀ ń súfèé, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Zénabou pe zémìjàn kan, alùpùpù akérò. Ó gun alùpùpù náà sẹ́yìn Régis, ó gbá bàbá náà mú, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn. Kamarou fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Kùrukùru bo ọ̀nà. Ṣe ló ń rìn bí ẹni tó wà lójú oorun, kò dá àwọn tó ń kí i mọ̀.

Madeleine ni wọ́n ń pe olùtọ́jú aláìsàn tó gbà wọ́n. Ará Pobè ni, ìjọba ló rán an wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Ó fi ẹ̀rọ bo Régis nímú títí èémí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró. Ta ló bá bàbá jókòó lánàá? Kí ni wọ́n jẹ, àbí kí ni wọ́n fà símú?"

Zénabou wo bàbá rẹ̀. Kò fẹ́ kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́.

Kamarou ní, "Aṣáà ni, dókítà. Èmi ni mo fún un."

Zénabou lọ dà á padà sínú ìkòkò, ó gbé e wá. Madeleine fi aṣọ bo imú kó tó ṣí i, ó wò ó, ó sì tètè dé e.

"Bàbá, ibo lẹ gbé e sí?"

Kamarou ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: igun yàrá, páànù tó ń jò, omi tó ń wọ́n sí i, ti oòrùn. Madeleine ò pariwo mọ́ ọn.

Ó ní, "Omi ló ń mú aṣáà tútù rọ̀, omi náà ló sì ń bà á jẹ́. Ohun tó funfun tẹ́ ẹ ha kúrò, orí rẹ̀ lẹ rí, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ gbogbo ìkòkò. Oòrùn lè gbẹ ẹ́, kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá tiẹ̀ wá gbẹ tán, eruku rẹ̀ á fúyẹ́, á bá èémí wọnú àyà lọ. Òun ló ṣe bàbá yẹn. Ẹ̀yin náà, imú yín ti ṣẹ̀jẹ̀."

"Ṣé ó máa kú ni?"

"Rárá, ẹ tètè gbé wọn wá. Ká ní ẹ ní kí wọ́n ṣì sùn sílé wò ó ni, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀." Ó fa àga sún mọ́ ọn. "Bàbá, mi ò ní tàn yín. Aṣáà tí kò bu, tábà náà ni. Ó ń jẹ imú, ó ń mú ọkàn sáré, ó sì lè fa àìsàn jẹjẹrẹ. Bẹ́ ẹ bá lè fi í sílẹ̀, èmi á ràn yín lọ́wọ́. Èyí tó ti bu yìí ní tirẹ̀, kò sí àríyànjiyàn nínú ẹ̀. Dídànù ni."

Kamarou gbé ìkòkò náà lé itan, ó dì í mú bí ẹni tó gbé ọmọ.

"Ìyàwó mi ló lọ̀ ọ́," ló wí. "Kò sí òmíì mọ́."

Ìgbà yẹn ni Zénabou kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí Màmá ní kí n má sọ. Ní gbogbo ìgbà òjò, Màmá máa ń da aṣáà yín nù."

"Kí lo wí?"

"Bó bá ti yí òórùn padà báyìí, wọ́n á gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á tún òmíì lọ̀ kẹ́ ẹ tó dé láti oko yín ní Boní. Wọ́n ní àwọn ò lè sọ fún yín, pé ẹ ó ní kò tíì bàjẹ́."

Kamarou wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí omi tó bọ́ lójú rẹ̀. "Àríkẹ́!" ló wí. "Gbogbo ọdún yẹn!"

Lọ́jọ́ náà, ó gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé, ó da aṣáà náà sí i, ó fọ́ ìkòkò lé e, ó sì kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Zénabou ló bomi sí i lọ́wọ́ nígbà tó fẹ́ fọ ọwọ́.

Régis padà sílé. Kò fa aṣáà mọ́ látìgbà náà, ó ní èémí òun dùn mọ́ òun jù ú lọ. Ti Kamarou kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ bá Madeleine, ó ń dín in kù, ó ṣì máa ń fọwọ́ wá àpò nígbà míì láìmọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé wa, bí aṣáà bá ti hu funfun, tó yí àwọ̀, tó sì ń rùn bí ilẹ̀ tàbí bí ìtọ̀, ẹ má ha ojú rẹ̀, ẹ má sá a, ẹ má tún un lọ̀, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíì. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kò ti ní tú u. Ìkòkò amọ̀ tó ti mu ún, ẹ má fi kó òmíì sí. Ẹni tí kò bá tíì lè fi í sílẹ̀, kó máa ra ìwọ̀nba tí yóò tètè tán, kó dé e pa sínú ohun tó mọ́ tó sì gbẹ, níbi tí ooru kò ti mú, tí òjò kì í sì í jò sí. Kó má fi ọwọ́ tútù bù ú, kó má wọ́n omi sí i. A kì í kó o sínú ike oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú láéláé, a kì í sì í kó o sínú ohun oúnjẹ, nítorí ọmọdé lè tọ́ ọ wò, tábà díẹ̀ sì lè ṣe ọmọdé léṣe gan-an. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tí àyà ń súfèé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fà símú láìtijú. Fífi í sílẹ̀ pátápátá ló dára jù.

Bí àgbàlagbà kan bá sì wà nílé yín tó ń fa aṣáà, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè ẹni tó lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tó ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ bá a ṣí i wò.