Ẹ́ńjìnnì Moubarak Tó Ń Mí ní Ọ̀sán Gangan

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ifangni yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo máa ń fi ojú tó le bí igi sọ fún àwọn bàbá ìbejì pé ọ̀kan ti wọlé, ìkejì ṣì ń dúró de àṣẹ láti Cotonou. Wọ́n á gbà. Wọ́n á tilẹ̀ bẹ̀ mí. Àwàdà nìyẹn. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ká ní òǹtẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá ti lù ú sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí.

Mẹkaníìkì ni Moubarak, ọmọ àbúrò mi. Abẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé mi ló ti ń tún ọkọ̀ búlúù rẹ̀ ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní ń tún un ṣe. Ó ń tú u, ó ń tò ó, ó ń wò ó. Adìẹ mi méjì ti yé ẹyin sí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n sì pamọ níbẹ̀.

Justine ló fa gbogbo rẹ̀. Agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn wa, òun sì ni Moubarak fẹ́ fi ṣe aya. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Moubarak ń gbé e lọ sí Tchaada lọ gbẹ̀bí, ni ọkọ̀ bá kú sínú ẹrẹ̀. Justine bọ́ sílẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó tì í. Ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kò pariwo, kò bú u. Ó kàn sọ pé:

“Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá gbé mi dé Tchaada, tó gbé mi padà, tí ẹnikẹ́ni kò tì í, ọjọ́ yẹn ni n ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.”

Ẹlòmíràn ì bá wá ọkọ̀ mìíràn. Moubarak ní túbò ni òun máa fi sí i.

Bó ṣe là á yé mi nìyí. Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin yẹn, imú ara rẹ̀ ló fi ń mí. Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá wù ú ló ń fà. Túbò wá jẹ́ fáànù kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí, tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lọ́fun bí ìyá ṣe ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Ọmọ tí wọ́n bá máa rọ gbọ́dọ̀ ní ikùn. Nítorí náà, ó yọ gbogbo inú ẹ́ńjìnnì. Ó lọ sí Igolo, ó ṣọdẹ àwọn pístọ̀n tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti irin apá tó nípọn láti gbé wọn. Àwọn òrùka irin tó yí pístọ̀n ká náà wà níbẹ̀: ó gbọ́dọ̀ fi ayùn kékeré rin ẹnu wọn níbi tí wọ́n ti là, kí àyè díẹ̀ lè wà, torí ooru túbò máa mú wọn wú. Bí àyè kò bá sí, ẹnu á kan ẹnu, òrùka á há, ẹ́ńjìnnì á fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Bàbá, àyè náà kò ju ìwọ̀n fọ́nrán irun mélòó kan lọ.”

Mo fọwọ́ kan apárí mi. Mi ò lè ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá ń parí lọ, ìwé dé fún Justine. Wọ́n ń gbé e lọ sí Kandi, lókè ọ̀hún. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti wà nílẹ̀, ó lè bẹ̀ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sí Ifangni. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ fèsì. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, ní ọ̀sán, ó ti ibi iṣẹ́ dé tòun ti báàgì.

“Bon. Mo ti dé. Ọkọ̀ dà?”

“Ó kù díẹ̀,” Moubarak sọ.

“Ọdún mẹ́ta ló ti kù díẹ̀.”

Ẹ́ńjìnnì ti di títò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tuntun lójijì. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ bújì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn àwọn ohun tí ń ta iná nínú rẹ̀. Wọ́n á ti ọ̀nà epo. Wọ́n á wá fi bátìrì yí i lófìfo, kí òróró lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Moubarak yí i. Ó yí dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Ó tú okùn bátìrì, ó gbé e sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀.

Ẹ́ńjìnnì kò dúró.

Ọ̀sán gangan ni. Ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di funfun. Àwọn adìẹ dákẹ́. Ẹni tó ń gún nǹkan ní ilé kejì dákẹ́. Kò sí ọ̀kadà zemidjan kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Igolo, èyí tí mi ò rí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ó ń yí jẹ́jẹ́. Fùùù. Fààà. Bí ẹni tó sùn.

“Bátìrì dà?” Justine sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

“Òun nìyí.”

Lóòótọ́, ó ti tún gbé e. Ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́.

Mo sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Kì í ṣe ẹ̀rù. Àgbàlagbà kì í dí ènìyàn lójú.

Justine kò sún. Ó ṣí báàgì, ó mú ìwo igi tó fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú jáde. Ó gbé e lé ihò bújì àkọ́kọ́, ó fi etí sí i. Ó lọ sí ìkejì. Ìkẹta. Ó pẹ́ lórí ìkẹrin.

“Kí ló wí?” Moubarak béèrè.

“Dákẹ́.” Ó tún fetí sí i. “Mẹ́ta ń mí dáadáa. Ìkẹrin ń fà á sínú, kò jẹ́ kó jáde tán. Ẹ̀rù ń bà á.”

“Irin ni, Justine.”

“Mo mọ̀. Irin tí ẹ̀rù ń bà ni. Tú u.”

“Tú u? Ọ̀tunla lo máa fèsì!”

“Moubarak. Ta ló ń gbẹ̀bí nínú àwa méjèèjì?”

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹ́ńjìnnì dúró. Pẹ̀lẹ́. Bí ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Moubarak tú u. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló yọ pístọ̀n kẹrin, ó wo òrùka rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnu kan ẹnu. Kò rin ín rárá. Ọjọ́ tó gbé ayùn láti rin ín ni ìròyìn Kandi dé. Ó gbàgbé.

“Ì bá fọ́,” ó sọ. “Lójú ọ̀nà Tchaada. Pẹ̀lú rẹ nínú rẹ̀.”

Justine tẹ́ ọwọ́, ó gba iná ìléwọ́, ó tàn án sí i kó lè máa ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ jáde. Wọ́n fi mí sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Moubarak tẹ̀ ẹ́. Túbò súfèé, ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó, mo sì ké. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ní igbe ẹ̀rù ni. Igbe ìdùnnú ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Justine ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó ń na ọwọ́ sí àwọn ọlọ́kadà tí a ń fi sílẹ̀: “Ẹ tì í fún wa o! Ẹ wá tì í!” A dé Tchaada. A yí padà. Kò sí ẹni tó tì í.

Iwájú ilé mi la dúró sí. Moubarak jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná kí túbò lè tutù. Ó pa á. Ìdákẹ́jẹ́ ti àná padà wá, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ aago ọwọ́ mi.

Justine gbé ojú sókè.

“Sátidé kẹta oṣù Kejìlá,” ó sọ. “Kí Ọlọ́run jẹ́ kó ṣojú gbogbo wa.”

“Àmín.”

Ohùn náà rẹlẹ̀. Ó tutù pẹ̀sẹ̀, bí ohùn àgbàlagbà tó jẹun yó. Ibi ẹ́ńjìnnì ló ti wá.

Moubarak kò tíì la ẹnu. Ó rọra yí ọrùn wò mí. Justine náà yí ọrùn. Mo rí i tí ẹ̀rín ń ṣá lójú rẹ̀, tí ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá náà ń mì tìtì láàárín wọn bí ẹyin lórí àwo.

“Bàbá,” Moubarak sọ, “ẹ̀yin lẹ dáhùn?”

“Èmi ni,” mo ní. “Ṣé mi ò lè ṣe àmín nínú ọkọ̀ yín ni?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n di mọ́ra wọn. Wọ́n sáré wọlé lọ kéde fún gbogbo agbo ilé, ariwo ayọ̀ sọ. Èmi nìkan ló kù lẹ́yìn ọkọ̀, tí mò ń wá ibi tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn.

Èmi kọ́ ló dáhùn.