Dókítà Orí Ẹṣin Adíkálà

Ọjọ́ ọjà ẹṣin ní Inis Díomáin, ìlú kan ní ilẹ̀ Ireland, lọ́dún 1853, ni ẹṣin pupa Dókítà Tandy dá lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi wọ kóòtù dúdú jókòó nínú ilé ìwòsàn tí ìjọba dá sílẹ̀ fún tálákà, tó ń wo ilẹ̀kùn. Ẹnìkan kò yà síbẹ̀. Ìyàn ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, àwọn tó ṣẹ́kù kò sì gbọ́kàn lé ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ìjọba wá.

Ẹṣin kan ṣoṣo ló kù lọ́jà, adíkálà, dúdú pẹ̀lú funfun. Ó rà á, ó gùn ún, ó kọrí sílé.

Kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan fi já sójú ọ̀nà láìwọ bàtà, ìborùn pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di ìjánu ẹṣin mú.

"Ẹlẹ́ṣin adíkálà, kí ni oògùn ikọ́ awúgbẹ?"

Gobnait, opó Tadhg apẹja, ni. Léan ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, ti ń wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi ń dúdú. Wọ́n ti gbé e gba abẹ́ ikùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí àwọn àgbà ṣe ń wo ikọ́, ikọ́ ò gbọ́. Ó ku ẹlẹ́ṣin adíkálà. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ wí, òun ni oògùn?

Inú bí dókítà. "Ẹ̀yin obìnrin yìí! Ẹ gbé ọmọ náà wá bá mi nílé ìwòsàn!"

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ wí nìyẹn?"

"Òun náà ni!"

"Ó tán. Ẹ má fi kún un mọ́ o, kó má bàa bàjẹ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbé ọmọ dé. Dókítà gbà á sí yàrá tí èéfín kò sí, ó ń fún un ní wàrà ewúrẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, Léan ń lé adìyẹ kiri àgbàlá.

"Ìyá Léan, kì í ṣe ẹṣin ló wò ó sàn o."

"Ṣé n ò mọ̀ ni? Ẹ̀yin ni. Àmọ́ ẹ má tíì ta ẹṣin yẹn."

Kò tà á. Orí ẹṣin náà ló ń wà tó fi ń ké mọ́ ilé kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ṣílẹ̀kùn kí èéfín jáde! Ẹ se omi kọ́mọ tó mu ún!" Wọ́n ń ṣe é, wọn ò jiyàn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́nwọ́n, kókó líle inú awọ ara, hù sí dókítà lọ́wọ́, gbogbo ìpara rẹ̀ ò sì ràn án. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, Gobnait pẹ́ dé ìsìn. Ta ló rí ní itẹ́ òkú àtijọ́? Dókítà ni, lórí ìkúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ omi òjò inú òkúta oníhò tí àwọn ará ìlú gbà pé ó ń wo wọ́nwọ́n, ó ń wọ̀tún wòsì.

"Dókítà, ẹ kú àdúrà o."

"Ìyá Léan, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má gbọ́."

"Èmi kẹ̀? Láéláé!"

Kí àlùfáà tó súre tán, gbogbo ìjókòó ti gbọ́. Nígbà tí dókítà ń kọjá lọ sílé, àwọn àgbà ọkùnrin tí wọn kì í ṣí fìlà fún òṣìṣẹ́ ìjọba kankan dìde lórí ògiri òkúta, wọ́n sì ṣí i fún un.