Pírì Kan Náà

Ẹsẹ̀ ni Sàrátù fi kọ́kọ́ mọ Fábíyì. Ó ń ru gáráwà epo bọ̀ láti Oko-Akarè, ó ń yára kí òjò má bàa ká a mọ́ ọ̀nà, ló bá tẹ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi igi yà sílẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, n kò rí i. Kí ni mo tẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni," ọmọkùnrin náà dáhùn. "Má wulẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ti bà jẹ́ kí o tó dé."

Sàrátù wo ilẹ̀. Àwòrán okùn ló rí, okùn tó lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́. Ó bi í bóyá okùn ló ń pè níṣẹ́. Ọmọkùnrin náà ní okùn ni. Ẹ̀rín pa Sàrátù débi pé epo dà sí i léjìká.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló bí ìfẹ́ wọn. Ọmọ ìlú Kpoulou ni Fábíyì, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní lékọ́lù gíga kan ní Faransé, ìsinmi ló wá lò nílé. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba Dàhọ̀mì sílẹ̀ nígbà náà ni, gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé ọmọ tó bá kàwé yóò di mínísítà. Ìṣirò ti Fábíyì kì í ṣe ti ení, èjì. Kókó ló ń wádìí: èwo ló ṣeé tú, èwo ni kò ṣeé tú, kí ló sì fà á.

Lọ́jọ́ kan ó gba okùn tí Sàrátù fi ń di ẹrù, ó ta kókó líle sí i, ó ní kó tú u. Sàrátù tú u kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé.

"O rí i?" ni Fábíyì wí. "Okùn tí orí rẹ̀ méjèèjì bá ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí kókó tí a kò lè tú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti so orí kìíní mọ́ ìkejì, ọ̀ràn yí padà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé àfi ká gé e."

"Ṣé torí èyí lẹ ṣe sọdá òkun?"

"Torí rẹ̀ ni. Mo sì padà wálé torí kí o lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀."

Kí ìsinmi náà tó parí, Sàrátù ti ń pè é ní olówó orí mi. Fábíyì a ní òun kò tíì san nǹkan kan. Sàrátù a ní ẹni tí inú òun bá yọ́ sí ti san tán. Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n inú Sàrátù ń dùn sí i ju eré lọ.

Àbúdùlàhí, bàbá Sàrátù, kò mọ eré. Òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, bẹ́ẹ̀ òrìṣà ni ilé Fábíyì ń bọ láti ìran dé ìran. Nígbà tí àwọn ará Kpoulou wá tọrọ ọmọ, kò bú wọn. Ó fún wọn ní obì, ó sì bi Fábíyì lójú gbogbo wọn pé kí ni ìwé tó ń kà ní Faransé dá lé.

"Kókó okùn ni, Bàbá."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àbúdùlàhí ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba òun ti ń ta kókó sí ewúrẹ́ lọ́rùn, kò sì sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ ojú omi torí rẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le.

"Ọmọ mi kò ní gbálẹ̀ ojúbọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹnu dá ìwé tí n kò kà lẹ́jọ́. Ọjọ́ tí ìwé rẹ bá so èso tí mo lè gbé lọ́wọ́, padà wá bá mi. N ó gbọ́ tìẹ."

Fábíyì dọ̀bálẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀jẹ́. Ó padà sí Faransé. Sàrátù ní òun yóò dúró.

Ó sì dúró. Ẹni tí kò dúró de ènìyàn rí ni yóò sọ pé kò nira. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọn ọmọ kejì, òun ń pọn ìlérí. Marcellin, olùkọ́ lékọ́lù, ló ń ka lẹ́tà Fábíyì sí i létí, tó sì ń bá a kọ èsì. Nígbà tí ìjọba gbé Marcellin lọ sí òkè lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ àárín wọn di ìkíni tí àwọn arìnrìn-àjò ń mú wá. Nígbà tó yá, ìkíni náà dáwọ́ dúró. Bàṣírù tó ń ra èkùrọ́ kò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀. Ó ní ìyàwó kan, ó ń fẹ́ ìkejì, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá kí Àbúdùlàhí.

Ràṣídì télọ̀ ló ní rédíò lẹ́bàá ọjà Adja-Ouèrè. Lọ́jọ́ ọjà kan, Sàrátù jókòó ti epo rẹ̀, rédíò ń sọ Faransé lọ, ló bá pe orúkọ Fábíyì. Sàrátù dìde. Faransé tó fi ń tajà fún àwọn obìnrin Ègùn àti àwọn awakọ̀ ló gbọ́, kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́ Fábíyì. Ó gbọ́ pírì. Ràṣídì yí ìyókù sí Yorùbá fún un.

"Wọ́n ní Fábíyì ọmọ Kpoulou àti omidan òyìnbó kan, Mamuṣẹ́lì Cécile, ti jọ gba pírì kan náà ní Paris, lójú àwọn ènìyàn ńlá."

Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé pírì lọ́jà. Iye ọjà ni. Ìwọ á pè, èmi á pè, títí ẹnu méjèèjì yóò fi kò sórí pírì kan, ọjà á sì ní olówó. Ọkùnrin kan, mamuṣẹ́lì kan, pírì kan, lójú àwọn ènìyàn ńlá: kí nìyẹn bí kò bá ṣe owó orí? Obìnrin kan lẹ́yìn Sàrátù ló kọ́kọ́ là á lẹ́nu pé Fábíyì ti gbéyàwó òyìnbó.

Ẹ má bú wọn. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi ń tajà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n ni yóò ṣe gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Sàrátù ì bá béèrè. Lékọ́lù wà ní Pobè, olùkọ́ míràn sì wà níbẹ̀. Ojú ló tì í. Ta ni yóò lọ bá àjèjì, kó bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti gba olólùfẹ́ òun?

Ìbínú ló gbé e délé. "Bàbá, mo gbà. Ẹ fún Bàṣírù lésì."

Wọ́n so yìgì kí oṣù náà tó kú. Bàṣírù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ká ní ó burú ni, ìbànújẹ́ Sàrátù ì bá rí ibì kan gbà jáde.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa nígbà tí Fábíyì dé. Lójú ọ̀nà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tààrà ló wá sílé Àbúdùlàhí. Sàrátù wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, ó wá kí ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Fábíyì dọ̀bálẹ̀, ó tú aṣọ kan, ó fa ohun kan jáde nínú rẹ̀, wúrà roboto tí wọ́n kọ nǹkan sí lára.

"Bàbá, ẹ ní kí n mú èso tí ẹ lè gbé lọ́wọ́ wá."

Àbúdùlàhí gbé e lọ́wọ́, ó bi í bí wọ́n ṣe ń pè é.

"Pírì ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń pe iye ọjà náà ni wọ́n ń pè é. Òun ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ìṣirò fi ń dá ẹni tó bá rídìí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rídìí rẹ̀ rí lọ́lá. Èmi àti ọ̀gá mi, Mamuṣẹ́lì Cécile, la jọ gbà á. Torí kókó okùn yẹn náà ni."

Sàrátù jáde sí wọn. "Mamuṣẹ́lì náà," ló wí, "ṣé ọmọdé ni?"

"Sàrátù mi. Orí rẹ̀ ti funfun. Ó dàgbà ju ìyá mi lọ. Kò lọ́kọ rí ni, mamuṣẹ́lì sì ni àwọn òyìnbó máa ń pe irú wọn títí wọn ó fi kú."

Ìgbà náà ni Fábíyì tó wo ikùn Sàrátù tó ti yọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Àbúdùlàhí gbé wúrà náà lé orí ẹní. "Ó wúwo," ló wí. Ó fi apá agbádá rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Sàrátù sin àlejò dé ojú ọ̀nà. Wọ́n rìn dé ibi tí Sàrátù ti tẹ àwòrán okùn mọ́lẹ̀ nígbà kan.

"Bá mi lọ," ni Fábíyì wí. "N ó gba ọmọ náà bí ọmọ mi."

"Wọ́n ti so yìgì. Ìwọ lo kọ́ mi, Fábíyì. Wọ́n ti so orí kìíní mọ́ ìkejì."

"A lè gé e."

"Ta la ó gé?" Sàrátù gbé ọwọ́ lé ikùn. "Bàṣírù tí kò ṣẹ̀ mí? Bàbá mi? Àbí èyí?"

Fábíyì bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn pe òun lẹ́ẹ̀kan péré bó ṣe máa ń pe òun tẹ́lẹ̀. Sàrátù la ẹnu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ni ín báyìí.

"Ó dàbọ̀, ọmọ Kpoulou," ló wí.

Fábíyì kò tíì padà wá nígbà tí rédíò Ràṣídì kéde pé àwọn ológun ti gba ìjọba, tí wọ́n ní ayé tuntun dé. Sàrátù ṣì ń ta epo. Bí àwọn obìnrin Ègùn bá dé ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n á kan gáráwà, wọ́n á ní, "Pírì rẹ̀ ńkọ́?" Sàrátù á na ìka iye rẹ̀ sókè fún wọn, kò jẹ́ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Wọ́n máa ń rò pé kò gbọ́ Faransé ni.