Obì Kò Sọ Igbó Ìjọba Di Oko Kòkó

Nígbà tí Sàdíátù ti ọjà dé ní Abobo, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń gbé, lọ́dún 2009, ó bá Lassissi ọkọ rẹ̀ tó ń pọ́n àdá lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Alimatou, kí lẹ fẹ́ fi àdá ṣe? Ṣé páàtì mọ́tò tẹ́ ẹ ń tà ti wá ń hu koríko ni?"

"Ìyá Alimatou, oko kòkó ni! Mo gbé obì àti ọtí fún baálẹ̀ abúlé kan, bí a ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ nílé, ó ní kí n máa gé igbó lọ. Kòkó ti gbówó lórí. Lọ́la ni mò ń gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíì."

Inú bí Sàdíátù. Ṣọ́ọ̀bù ibùdókọ̀ Abobo Gare yìí kan náà ló ń bọ́ ọmọ wọn! Ó já àdá náà gbà, ó sì ké pe Simone, aládùúgbò wọn tó ń bá ẹgbẹ́ olùdáàbòbò igbó ṣiṣẹ́.

Simone bi Lassissi pé, "Tonton, ẹ̀gbọ́n wa, ṣé wọ́n kun ọ̀dà sára igi ibẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ààlà baálẹ̀ ni."

"Ààlà baálẹ̀ kẹ̀! Forêt classée nìyẹn, igbó tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gé. Baálẹ̀ ò láṣẹ níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n lẹ fi obì rà."

"Ṣebí gbogbo ayé ló ń wá kòkó wa?"

"Wọ́n ń wá a lóòótọ́! Tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bá ń jà lórí òwò, tí wọ́n bu owó ibodè lé kòkó ibòmíì, wọ́n á sáré wá bá wa. Owó á ga, àwa náà á kó àdá wọgbó. Kòkó tẹ́ ẹ bá gbìn lónìí, ó di ọdún mélòó kan kó tó so. Wọ́n á ti parí ìjà, owó á ti já wálẹ̀. Igi ńkọ́? Òjò tí igi ń bá wa fà ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ta Sàdíátù lára. Àwọn tó ń jà kò mọ orúkọ abúlé náà, wọn ò sì ní sùn lẹ́wọ̀n. Ọkọ òun ni wọn yóò mú, tí wọn yóò sì máa pè ní apagbórun.

Ó wọlé, ó ti àdá náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ jáde fún Lassissi. "Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín rèé. Ẹ lọ ṣí i."

Lassissi gbà á, ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ béèrè lọ́fíìsì igbó kẹ́ ẹ tó gbé obì fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀dà lára igi, ẹ padà. Ẹ má torí ìjà àwọn olówó pa igbó àwọn ọmọ yín run. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìjà, wọn ò ní bá yín gbin igi kan ṣoṣo.