Wọ́n Ti Àrùn Mọ́lé

Ó ti sú Ràhámọ̀tù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìwó nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ níwájú ilé wọn láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń sọ nírọ̀lẹ́. Bí ó bá gbé ìkòkò ka iná, ó ń gbọ́ ọ. Bí ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn kò tíì parí rẹ̀.

Mùrí oníkẹ̀kẹ́ ni olórí aláròyé. Ilé kejì ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ tapólì láti ọjọ́ yìí. Á ní àìsàn wo ni wọ́n ń wí? Ta ló ti fojú rí ẹni tó ní in? Àwọn tó ní ká jókòó sílé, ṣebí ìrẹsì kún ilé tiwọn. Bàbá Ògúndípẹ̀, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Olúpọ̀nnà, á dá a lóhùn pé ẹni tí kò rí ejò kò gbọdọ̀ ní kò sí ejò nínú igbó. Mùrí á ní kí bàbá má bínú, ebi ni ejò tí òun rí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì ní dénú.

Ràhámọ̀tù mọ̀ pé kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Ebi ń pa Mùrí lóòótọ́. Àìsàn náà sì wà lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìta wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àlùfáà Badrudeen, ọkọ rẹ̀, ti ń túmọ̀ Kùránì lẹ́yìn ìrun Alásárì ní gbogbo oṣù ààwẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́dún yìí, mọ́sáláṣí wà ní títì. Àwọn ará àdúgbò wá bẹ̀ ẹ́ pé ààwẹ̀ láìsí tàfúsírì, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Kí ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é ní pálọ̀ rẹ̀.

Ràhámọ̀tù rán ọkọ rẹ̀ létí pé Ìyá ń bẹ nínú ilé. Humairah, ìyá tó bí Àlùfáà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kọ́tìnì lásán ló sì wà láàárín yàrá rẹ̀ àti pálọ̀. Àlùfáà ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Ìyá alára ní kí wọ́n máa bọ̀, òun fẹ́ máa gbọ́ ohùn ọmọ òun.

Wọ́n wá. Wọ́n tó ọgbọ̀n, nínú pálọ̀ tí èèyàn mẹ́wàá ń há mọ́. Nítorí kí àwọn agbófinró tó ń lọ káàkiri má baà gbọ́ wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n tún fi aṣọ bo fèrèsé. Ife kan ni wọ́n fi ń mu omi ìṣínu kiri. Bí Ràhámọ̀tù bá gbé àkàrà àti àkàmù dé, tó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ooru inú ibẹ̀ á gbá a lójú, ẹnì kan á sì sọ fún un pé, "Ìyá Hussain, ẹ tètè tì í, wọn á rí wa."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Mùrí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láàárín wọn. Ó ní eruku ni. Kò sí ẹni tó ní kó lọ sinmi nílé, nítorí ta ni yóò lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò níbi wáàsí? Ní ọjọ́ kejìlá, kò lè wá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ọbẹ̀ ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu, kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ata.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá kò lè dìde jẹ sààrì. Ó ń mí gúlegúle.

Àwọn kan ní ibà ni. Àwọn kan gbé àgbo wá. Àlùfáà ń rìn lọ rìn bọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá pe oníṣègùn, wọn á ní òun rú òfin, ìlú á sì gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ràhámọ̀tù kò bi í léèrè mọ́. Ó fóònù Zakiyyah, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kuta, tó kéwú lọ́dọ̀ Àlùfáà nígbà èwe rẹ̀.

Zakiyyah dé pẹ̀lú ìbomú. Ó kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ́kọ́ ṣí gbogbo fèrèsé, ó wá wo Ìyá.

"Àlùfáà, ta lẹ tilẹ̀kùn mọ́?"

"Àwọn agbófinró ni."

"Agbófinró kọ́ ló dá Ìyá dùbúlẹ̀. Inú èémí ni àrùn yìí ń gbé. Bí èèyàn bá pọ̀ níbi tó há, tí atẹ́gùn ò wọlé, ohun tí ẹnì kan mí síta ni ẹnì kejì ń mí sínú. Ẹ sá fún ọlọ́pàá, ẹ wá bá àìsàn jókòó."

Bàbá Ògúndípẹ̀ bi í láti ìta pé ọjà tí wọ́n ń jẹ́ ká ná ní ọjọ́ kan, kí wọ́n tó tún tì í ní ọjọ́ kejì, ṣé àìsàn kì í dé ibẹ̀ ni?

"Ó ń dé ibẹ̀, bàbá. Bí ìjọba bá ṣàṣìṣe, ẹ bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àìsàn ò mọ ẹni tó jàre." Ó yíjú sí olùkọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa nílé kéwú pé bí òjò bá le lálẹ́, ẹni tó ń pe ìrun á kéde pé kí kálukú kírun nínú ilé rẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́ ọ," ni Àlùfáà wí.

Wọ́n gbé Ìyá lọ sí ọsibítù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gba atẹ́gùn nímú. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n fóònù pé ó ti lọ.

Ìròyìn kì í jókòó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, èrò ti ń ya bọ̀ láti gbogbo agboolé, nítorí ìyá Àlùfáà kì í ṣe ìyá ẹnì kan. Ràhámọ̀tù wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé ọkọ òun yóò gbà wọ́n wọlé.

Àlùfáà jáde sí wọn, ó fi ìbomú bomú, ó sì na ọwọ́ síwájú pé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà.

"Ẹ ṣeun. Àwa mélòó kan ló máa sin ín. Ẹ kírun, ẹ ṣàdúrà fún un nínú ilé yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyá mi, kó lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀."

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara Mùrí yá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó lè gba iwájú ilé náà kọjá.

Ẹ̀yin ará wa, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe àríyànjiyàn lórí kónílé-ó-gbélé. Ó le, ó sì ń dun ni. Bí ebi bá ń pa ojúlé kejì, ẹ bu oúnjẹ fún un, kí jíjókòó sílé má di ikú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kó ara yín pamọ́ sí yàrá tó há nítorí òfin. Bí ìpéjọ bá pọn dandan, kí ẹ kéré níye, kí ó jẹ́ ní gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí kálukú lo ìbomú, kí ó mú ife tirẹ̀ dání. Ẹni tó bá ń wúkọ́, tàbí tí ẹnu rẹ̀ kò mọ adùn mọ́, kó dúró sílé láìtijú. Bí èémí bá ń nira, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbàlagbà jìnnà sí èrò. Ẹ̀rù ẹjọ́ kò tó ẹ̀rù ikú: ẹjọ́ ṣeé bẹ̀, ikú kò ṣeé bẹ̀.